Máṣíìnì Díákónì Kì Í Wúkọ́ Dé Okoko

Nínú gbogbo ọdún tí mo ti fi ń tún máṣíìnì ṣe, ohun tó nira jù lọ tí iṣẹ́ yìí gbé fún mi ṣe ni pé kí n jẹ àkàrà mẹ́rin. Àárọ̀ Sátidé kan ni, ní àgbàlá ilé kan ní Iba. Mo jókòó sórí garawa ọ̀dà tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ọ́ìlì dúdú wà lọ́wọ́ mi dé ìgúnpá, àwọn mẹ́rin tó ń gbààwẹ̀ sì dúró yí mi ká, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo ti jẹ ẹ̀bà yó bámúbámú nílé kí n tó jáde. Àkàrà náà kì í ṣe tèmi. Ẹni tó ni ín wà níwájú mi níbẹ̀, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn létí, kò sì lè sọ pé òun ló ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ. Mùfútáù ni orúkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ṣùgbọ́n Okokomaiko, tí a ń gé kúrú sí Okoko, ni mo ti di bàbá ọmọ. Àwọn tó bá kánjú ń pè mí ní Mufu. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju páànù mẹ́fà lórí òpó mẹ́rin lọ, mo sì fi aṣọ kan gé e sí méjì kí àwọn oníbàárà lè rò pé mo ní ọ́fíìsì. Ọ̀jọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, nítòsí bárékè àwọn ológun, lọ́wọ́ Ọ̀gá Làmídì. Àwọn sójà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé máṣíìnì wá bá wa, o kò sì lè wo ojú sójà kí o sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ló ba nǹkan rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀gá mi ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ lójoojúmọ́: máṣíìnì kì í parọ́, ẹni tó ń gùn ún ló ń parọ́. Mo rántí sójà kan tó ti máṣíìnì rẹ̀ wá bá wa, tó búra pé ṣe ló kàn kú sórí títì gbígbẹ. Ọ̀gá gbé iwájú máṣíìnì náà sókè, ó gbọn sìlẹ́ńsà rẹ̀, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, omi dà jáde, ẹja kékeré kan sì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá mú ẹja náà lọ́wọ́, ó wò ó, ó wo sójà, ó wá bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ọ̀gá mi, ṣé ojú títì gbígbẹ yẹn náà lẹ ti gbé èyí?" Sójà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Látìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé béèyàn bá máa sọ òótọ́ fún àgbàlagbà, kó wá ọ̀nà tó rọ̀ sọ ọ́.

Nípa iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Bí máṣíìnì bá ń wúkọ́, tó ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí ibà mú, àwa mẹkáníìkì á ní ó ń mísì. Ohun mẹ́ta la máa ń bi í: ṣé ó ń rí iná, ṣé ó ń rí epo, ṣé ó ń rí afẹ́fẹ́ fà sínú? Púlọ́ọ̀gì, ìyẹn ohun kékeré tó ń ta iná sínú ẹ́ńjìnì, ló máa ń dáhùn. Yọ ọ́, kí o wo ẹnu rẹ̀. Bó bá pọ́n bíi tíì tí wọ́n ta mílíìkì díẹ̀ sí, ara dá ṣáṣá. Bó bá funfun, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ló pọ̀ jù, tàbí kí ohun kan dí i nímú. Imú máṣíìnì là ń pè ní ẹ́à-kílínà. Àpótí kékeré kan ni, ó wà lábẹ́ ìjókòó, fóòmù wà nínú rẹ̀ tó ń sẹ́ eruku, a sì fi sáídì kọ́fà bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àpótí yìí sọ́kàn.

Díákónì Ajíbádé ló ni máṣíìnì tí mò ń sọ. Ọmọ Èkìtì ni, ó ń kọ́ni ní yunifásítì, ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó sì ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí epo wọ́n, ó gbé mọ́tò rẹ̀ síbi tó wà, ó ra máṣíìnì, ó ń fi í lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú táì lọ́rùn àti àkẹtẹ̀ irin lórí. Oníbàárà dáadáa ni. Òun ló mú àwọn ará ìjọ wọn wá sọ́dọ̀ mi, àwọn tíṣà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tó fi jẹ́ pé ká yọ tiwọn kúrò, mi ò mọ ohun tí ì bá kù nínú ṣọ́ọ̀bù mi ju ológbò lọ.

Ní ọdún náà, ìjọ wọn kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan láti ìdájí títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí ààwẹ̀ náà bá sì parí, wọ́n máa fi Díákónì jẹ alàgbà lọ́jọ́ Sunday ìdúpẹ́. Ó ti ń retí oyè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Tóbi, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń retí rẹ̀ ju òun alára lọ. Ó ti rán aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa pè é ní ìyàwó alàgbà.

Ọjọ́ kejì ààwẹ̀ ni máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Díákónì gbé e wá sí Okoko láago mẹ́jọ àárọ̀, ó ní, "Mufu, ìyàwó mi ní kí n gbé e wá. Ó ní ó ń wúkọ́." Mo fẹsẹ̀ ta á. Ó dún gbọnmọgbọnmọ, kò síkọ́, kò séèfín. Mo gùn ún dé Iyana-Iba, mo gùn ún padà. Kò ṣe nǹkan kan. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì kí n má baà dà bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta ààwẹ̀ ó tún dé: ìyàwó òun ní ó tún wúkọ́ jáde nílé láàárọ̀, èéfín dúdú sì bo òdòdó òun. Mo tú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pòpọ̀, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Lọ́jọ́ kẹrin, ikọ́ náà kò lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Díákónì kò sọ rí pé òun fúnra òun gbọ́ ọ. Ìyàwó òun ló ń gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún mo ṣí ẹ́à-kílínà. Ibí ló ti yẹ kí n mọ̀, ẹ má bá mi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ṣẹ́. Mo rí èèrà tó tò lọ bí àwọn ọmọ iléèwé. Mo rí òróró lára fóòmù. Mo rò pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló tú sókè, mo gbé e símú, ó ń rùn bí àlùbọ́sà. Mo mi orí, mo sọ fún Díákónì pé ọ́ìlì ayédèrú ti pọ̀ lọ́jà báyìí, pé kó má rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e kiri mọ́. Ó ní, "O ṣeun, Mufu," ó sì wo ibòmíràn. Mo fi epo fọ fóòmù náà, mo lé èèrà, inú mi dùn sí ara mi.

Ó di ọjọ́ kọkànlá ààwẹ̀, Díákónì ṣì ń gbé e wá bá mi. Màmá Tóbi fúnra rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù. Ohùn tí obìnrin yẹn fi ń pàṣẹ fún ọmọ iléèwé ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ikọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti hàn gbangba pé àwọn ọ̀tá kò fẹ́ kí ọkọ òun di alàgbà. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà ń bọ̀ lọ́la láàárọ̀ láti wá gbàdúrà lé máṣíìnì náà lórí. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí èmi náà wà níbẹ̀, kí n gbọ́ ikọ́ náà níbi tó ti ń wúkọ́, torí pé Bíbélì kò ní ká má lo mẹkáníìkì. Ó wá fi kún un pé bí n kò bá rí ìdí rẹ̀ lọ́la, a jẹ́ pé n kò mọṣẹ́, kò sì sí ará ìjọ àwọn kan tó tún máa gbé máṣíìnì wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní kí n má sọ fún ọkọ òun pé mò ń bọ̀.

Mi ò sùn dáadáa lóru náà. Orúkọ rere ni gbogbo ohun tí mo ní lábẹ́ páànù mẹ́fà yẹn. Mo dìde, mo jẹ ẹ̀bà àná, mo kó sípánà mi sínú àpò, mo lọ sí Iba.

Nígbà tí mo débẹ̀, aago méje kò tíì lù. Màmá Tóbi wà ní àgbàlá pẹ̀lú obìnrin méjì. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Ìyá Àdúrà, òun ni olórí àwọn aládùúrà, ó sanra, ohùn rẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní Díákónì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìn àdúrà ni, ó ti wọlé lọ wẹ̀. Mo bèèrè ohun tó ń jẹ́ ìrìn àdúrà. Màmá Tóbi ṣàlàyé pé láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ òun máa ń dìde ní ìdájí, á rìn yí àdúgbò ká, á máa gbàdúrà fún ìlú Iba. Mo ní Ọlọ́run á gbà á.

Mo ta máṣíìnì. Mo búra fún yín, ó wúkọ́. Ó wúkọ́ bí arúgbó tó mu tábà fún ogójì ọdún. Ó yọ èéfín dúdú, ó gbọ̀n, ó kú. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ patẹ́wọ́, torí pé láti bí ọjọ́ mẹ́wàá ni mo ti ń rò pé àwọn tọkọtaya yìí ń fi mí ṣeré ni. Ìyá Àdúrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ó ń pàṣẹ fún ẹ̀mí ikọ́ kó jáde lára ọkọ̀ ìránṣẹ́ Olúwa. Mo yọ púlọ́ọ̀gì láàárín àdúrà náà: dúdú, bí ìdí ìkòkò. Mo nù ún, mo dá a padà, mo tún ta á, mo fi aṣọ ìnujú mi funfun sẹ́nu sìlẹ́ńsà. Aṣọ náà dúdú. Mo wá mọ̀ pé máṣíìnì yìí kò rí èémí fà, ohun kan dí i nímú. Mo ti fọ imú náà ní Okoko pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. A jẹ́ pé ohun tó ń dí i, Iba ló ti ń wọlé, kì í sì í bá a dé Okoko.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé sáídì kọ́fà. Ibi tí mo dé nìyẹn tí ilẹ̀kùn ilé gbá, tí Díákónì sáré jáde. Ìró aṣọ kan ló ró mọ́dìí, ọṣẹ wà lórí rẹ̀ àti létí rẹ̀ méjèèjì, omi ń kán tó tó tó.

Ó ní, "Mufu, má ṣí ibẹ̀ yẹn."

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ibẹ̀ ni ikọ́ náà wà."

Ó ní ẹnu kọ́fà náà ti gbó, pé bí mo bá ṣí i, kò ní í pa dé mọ́. Màmá Tóbi ní kó jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi. Ó ní òun ò kọ̀, ṣùgbọ́n kí n gbé e dé Okoko ná. Màmá Tóbi ní ṣebí bó bá dé Okoko kì í wúkọ́ mọ́. Mo fa kọ́fà náà, mo ṣí àpótí.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Ìyá Àdúrà dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Ó fa afẹ́fẹ́ símú, ó ṣíjú kan, ó ní, "Mo ń gbóòórùn àkàrà."

Obìnrin kejì ní òun náà ń gbọ́ ọ, pé ìdánwò ni, kí wọ́n má gbà fún un. Wọ́n di ojú wọn, wọ́n túbọ̀ ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n mo rí i pé imú wọn kò bá ojú wọn dì.

Ara mi ló bo àpótí náà, èmi nìkan ni mo ń rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rá dúdú kan ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ibi tí máṣíìnì ti ń mí. Àkàrà mẹ́rin wà nínú rẹ̀, ó ṣì gbóná, pẹ̀lú búrẹ́dì kékeré kan. Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ń tijú pé mo ti pè é ní ọ́ìlì ayédèrú. Bàbá yìí ń jáde ní ìdájí, ó ń ra àkàrà, ó ń gbé e pamọ́ sínú imú máṣíìnì torí pé ìyàwó rẹ̀ ló ń dì báàgì fún un, kò sì lè jẹ ẹ́ ní Iba níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ojú rẹ̀. Máṣíìnì á wúkọ́ jáde nílé, Díákónì á wá kọ̀rọ̀ kan nítòsí Okoko, á jẹun, máṣíìnì á rí èémí, á wá gbé e wá bá mi.

Mo gbójú sókè wo Díákónì. Ọṣẹ ti ń gbẹ lára rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, mo sì gbà pé àdúrà gidi àkọ́kọ́ tó gbà láti ọjọ́ mọ́kànlá nìyẹn. Bí mo bá na ọ̀rá yìí sókè, orúkọ mi á là, oyè alàgbà rẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá sì dé àpótí náà, tí mo ní mi ò rí nǹkan kan, iṣẹ́ mi ló tán. Mo ronú láti sọ pé eku ni, ṣùgbọ́n eku kì í lọ tò fún àkàrà gbígbóná. Èmi náà máa ń gba Ràmàdáánì, mo sì mọ bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fa ọ̀rá náà jáde.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Ma. Oúnjẹ mi ni."

Màmá Tóbi ní, "Oúnjẹ ta?"

Mo ní tèmi ni, pé ìgbà tí mò ń tún un ṣe lánàá ni mo fi síbẹ̀ kí eruku má baà wọ̀ ọ́, mo sì gbàgbé. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan kan àkàrà. Ó ní láti àná, ó sì gbóná báyìí? Mo ní ẹ́ńjìnì ló ń mú un gbóná. Ó ní ikọ́ àwọn ọjọ́ tó kù ńkọ́? Mo ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti ṣí máṣíìnì ni mo máa ń fi oúnjẹ mi síbẹ̀, mo sì máa ń gbàgbé, pé àìsàn ìgbàgbé wà ní ìdílé wa. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni irọ́ náà ń bímọ. Mo rí i tí obìnrin kejì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀.

Màmá Tóbi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ṣé ọ̀fun tìrẹ la ti ń dè mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ mọ́kànlá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ma. Ó fi ẹsẹ̀ ti garawa ọ̀dà sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n jókòó, kí n jẹ oúnjẹ mi tán níbẹ̀ lójú òun, kí n má baà tún gbàgbé rẹ̀ sínú ohun-ìní ènìyàn.

Bí mo ṣe dé orí garawa nìyẹn o. Èkíní lọ wọ́ọ́rọ́. Èkejì bá ẹ̀bà pàdé ní àyà, wọ́n jọ dúró síbẹ̀. Ìyá Àdúrà kò gbàdúrà mọ́, ó kàn ń bá ẹnu mi lọ bó ṣe ń lọ. Díákónì rọra sún mọ́ mi. Ojú tó fi ń wo àkàrà kẹta náà, ènìyàn lè fi sin òkú.

Ó bi mí pé, "Ṣé ó dùn, Mufu?"

Mo ní, "Ó dùn, sà."

"Ṣé wọ́n fi edé sí i?"

"Edé wà níbẹ̀, sà."

Ó gbé itọ́ mì. Mo jẹ ẹ̀kẹrin, mo jẹ búrẹ́dì, omi ń dà lójú mi. Màmá Tóbi rò pé ìtìjú ni. Nígbà tí mo tún ta máṣíìnì náà, ó dún dáadáa, sìlóò rẹ̀ dúró, ó ń rọra dún lójú kan láìkú, kò wúkọ́. Kò sẹ́ni tó yìn mí.

Ọ̀rọ̀ náà dé Okoko kí èmi fúnra mi tó dé ibẹ̀. Wọ́n sọ mí ní Mufu Alákàrà. Ẹni tó bá gbé máṣíìnì wá á kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ á ní kí n ṣí sáídì kọ́fà, kí òun wò ó bóyá ọbẹ̀ mi wà níbẹ̀. Àwọn ará ìjọ Díákónì kò tilẹ̀ wá mọ́ rárá. Ọ̀sán á pọ́n, èmi àti ológbò á máa wo ara wa. Ìyàwó mi gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn, ó sì gbà á gbọ́. Ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ pé oúnjẹ ló máa dójú tì mí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Díákónì kò yọjú. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò wá, kò pè. Bíbínú ni mo bínú. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹni tí mo jẹ ìtìjú fún, ó yẹ kó lè wá kí mi. Àfi ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ààwẹ̀ wọn parí, tí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí n jọ̀ọ́ wá sí ìjọ àwọn lọ́jọ́ Sunday. Ìyàwó mi ní kí n má lọ, ó ní wọ́n fẹ́ lé ẹ̀mí ọ̀fun kúrò lára mi ni. Mo dé fìlà, mo lọ, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Wọ́n pe àwọn tí wọ́n fẹ́ fi jẹ alàgbà jáde, wọ́n ní kí oníkálukú sọ ohun tí ààwẹ̀ náà ṣe fún un. Àwọn méjì sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó kan Díákónì. Ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó wá ojú mi kiri títí ó fi rí mi.

Ó ní, "Mi ò gbààwẹ̀. Ebi ń pa mí, ojú sì ń tì mí láti sọ pé ebi ń pa mí. Inú máṣíìnì ni mò ń tọ́jú àkàrà sí. Mẹkáníìkì tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló gbà á sọ́rùn kí n má baà tẹ́. Ẹ má fi mí joyè lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orúkọ ọkùnrin yẹn padà fún un."

Mo ń wo fìlà mi tí mo ti ṣí sọ́wọ́. Mi ò mọ ìgbà tí omijé bọ́ lójú mi, lọ́tẹ̀ yìí kì í sì í ṣe ti àkàrà. Nígbà náà ni Ìyá Àdúrà dìde níwájú. Ó ní tòun náà já ní ọ̀sẹ̀ kejì, pé gàrí ni. Bàbá kan dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ìpékeré ni tòun. Ẹlòmíràn ní ẹyin sísè. Wọ́n ń dìde lọ bẹ́ẹ̀ títí pásítọ̀ fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó, kí àwọn má sọ ìsìn ìdúpẹ́ di ilé oúnjẹ. Wọn kò fi Díákónì jẹ alàgbà lọ́jọ́ náà. Wọ́n sún un síwájú, wọn ò sì dá ọjọ́.

Nígbà tí ìsìn parí, Màmá Tóbi bá mi níbi tí wọ́n gbé máṣíìnì sí. Aṣọ ìyàwó alàgbà ló wọ̀. Ó ní, "Mufu, mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé irọ́ lo pa. Àkàrà ìkóríta wa ni. Kò sí bí mi ò ṣe ní í mọ òórùn rẹ̀." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́. Ó fọwọ́ tọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ oyè yẹn. Ó ní, "Torí náà, àwa mẹ́ta la jọ parọ́. Má bínú sí mi." Mo ní mi ò bínú mọ́, òótọ́ sì ni.

Díákónì gun máṣíìnì, ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láìbá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ìjọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ta á. Kò dáhùn. Ó tún ta á. Kò dáhùn. Ó ta á lẹ́ẹ̀kẹfà, gbogbo ojú sì rọra yí lọ sí sáídì kọ́fà.

Màmá Tóbi sọ̀ kalẹ̀. Díákónì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní òun búra. Ó ní kí n ṣí i. Mo kúnlẹ̀ láàárín aṣọ ìsìn àwọn ará ìjọ, mo ṣí i níṣojú gbogbo wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Fóòmù nìkan ló wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Díákónì ló gbàgbé láti ṣí ẹnu epo, ibi tí epo ti ń sọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnì, tó pa nígbà tó dé. Mo yí i pẹ̀lú ìka kan, ó ta á, ẹ́ńjìnì dáhùn. Màmá Tóbi bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di ọkọ rẹ̀ lẹ́jìká mú kó tó lè gùn ún, wọ́n sì lọ sílé.

Ní Monday, máṣíìnì márùn-ún láti ìjọ wọn ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó dé. Títí dòní, mo ń ṣí sáídì kọ́fà kí n tó tú ohunkóhun mìíràn, mo sì ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ wa tó kàn án, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá ó fẹ́ kí ìyàwó òun sún sẹ́yìn díẹ̀.